Igi Kan Tó Kù Lẹ́nu Géètì

Ẹni tó bá fẹ́ ra aṣọ á tẹ́ ẹ wò. Ẹni tó bá fẹ́ ra bàtà á ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ọmọ igi máńgòrò, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó tà á fún un ló rà. Títí igi náà á fi so, kò sí bó ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ló gbìn tàbí irọ́.

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé yìí mọ èyí dáadáa, nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe jẹun nìyẹn. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ni gbogbo ayé ń pè é. Wọ́n ní ohun tó bá ti fọwọ́ kàn kì í kú. Orúkọ yìí ló gbé e ga, òun náà ló sì tì í ṣubú.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ nìyí. Á gbin kóró máńgòrò wẹ́wẹ́ inú igbó sínú ọ̀rá dúdú, nítorí pé gbòǹgbò tirẹ̀ lágbára. Bó bá dàgbà díẹ̀, á gé e lórí, á la ojú rẹ̀, á wá fi ẹ̀ka tín-ín-rín kan láti ara igi tí èso rẹ̀ dùn lẹ̀ mọ́ ọn. Àlẹ̀mọ́ ni wọ́n ń pe ẹ̀ka yẹn. Á di ojú ibẹ̀ pinpin, á sì fi ọ̀rá funfun bo àlẹ̀mọ́ náà lórí kó má bàa gbẹ. Bí àlẹ̀mọ́ bá gbà, èso dídùn la ó jẹ. Bó bá kú, gbòǹgbò ìsàlẹ̀ á yọ ẹ̀ka tirẹ̀, èso wẹ́wẹ́ inú igbó náà ni yóò sì so, tó kan, tó kún fún okùn tó ń há síni léyín.

Ọwọ́ Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ yá nídìí iṣẹ́ yìí, ẹnu rẹ̀ sì yá jù ú lọ. Bàbá kan wà ní òpópó kejì tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, tó ń rọra ṣe é bí ẹni ń ki ẹyin sínú apẹ̀rẹ̀. Bàbá Ọ̀rọra ni Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ sọ ọ́. Ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé, "Kí Bàbá Ọ̀rọra tó lẹ igi kan tán, igi ọ̀hún á ti so." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń pè ní Àǹtí, ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Télọ̀ ni Àǹtí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, ẹ̀rọ ìránṣọ tò sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, èérún ṣọ́ọ̀kì àti gígékù aṣọ sì kún ilẹ̀. Àárín wọn ni àbúrò yìí ti kọ́ ìrìn.

Ṣùgbọ́n ojú Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Àwọn dókítà wò ó títí, wọ́n ní àìsàn náà kò ṣeé lé padà, pé díẹ̀díẹ̀ ni ojú náà á máa lọ, títí kò ní sí mọ́. Àǹtí kò pariwo. Ó ta àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó fi ra ilẹ̀ lẹ́yìn ìlú, ó gbẹ́ kàǹga, ó sì ṣe ọgbà yí i ká. Ó wá pe àbúrò rẹ̀.

"Máńgòrò ẹ̀yìnkùlé ìyá wa ni mo fẹ́," ló wí. "Òun nìkan ṣoṣo. Gé ẹ̀ka lára rẹ̀, kí o lẹ̀ ẹ́ fún mi kó kún ilẹ̀ yìí."

"Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ di olóko ni?"

"Mo fẹ́ jẹun láìna ọwọ́ sí ọmọ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ìyẹn nìkan kọ́. Kí ojú yìí tó lọ pátápátá, mo fẹ́ fi rí máńgòrò ìyá mi lórí igi tèmi. Tí mo bá ti rí i, kó máa lọ."

"Ẹ máa rí i, Àǹtí. Ṣé kì í ṣe ọwọ́ mi ni?"

Ó sì ṣe é tọkàntọkàn lóòótọ́. Ó gun igi ìyá wọn fúnra rẹ̀, ó gé àwọn ẹ̀ka tí ojú wọn ti wú ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì là, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ìdí tó lágbára, ó sì tò wọ́n sí apá kan ọgbà iṣẹ́ tirẹ̀ tí ó ní géètì àti kọ́kọ́rọ́. Gbogbo wọn dé fìlà ọ̀rá funfun. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Bí àlẹ̀mọ́ bá ti ń fẹ́ là, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣí ọ̀rá yẹn kúrò. Bí kò bá ṣí i, oòrùn á se é mọ́ inú rẹ̀.

Àsìkò yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ àwọn olóko èso ìlú mìíràn ránṣẹ́ pè é pé kó wá fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ han àwọn. Wọ́n ní àwọn á gba yàrá fún un ní òtẹ́ẹ̀lì.

"Fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún mi," ni Àǹtí wí. "Màá máa yọjú sí wọn, màá máa ṣí ọ̀rá ti èyí tó bá là."

"Àǹtí, ojú yín ò gbé e. Ẹ máa ṣẹ́ gbogbo ẹ̀ fún mi."

Àǹtí ní, "Kò burú. Ìwọ lo niṣẹ́ ẹ."

"Ọjọ́ méjì ni mo máa lò, màá ti dé."

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ti géètì, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì rẹ̀.

Ní ìlú tó lọ, wọ́n gbé àga fún un, wọ́n tẹ́ aṣọ sórí rẹ̀. Ẹnì kan ń gbé báàgì rẹ̀ kiri. Bó bá ti mú ọ̀bẹ, gbogbo èèyàn á na fóònù sókè láti yà á. "Ẹ wo bí ọwọ́ ẹ̀ ṣe ń lọ," ni wọ́n ń wí fún ara wọn. Orí rẹ̀ wú. Láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ nínú ẹrẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé báàgì rẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn olóko ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ yọ dé. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ yà sọ́dọ̀ tiwa náà, ẹ má dá wa sílẹ̀."

Yinniyinni, kẹ́ni ó ṣèmíì. Ó yà. Láti ibẹ̀ ó tún yà síbòmíràn. Ọjọ́ méjì di ọ̀sẹ̀ kan, ó sì lé.

Ẹ má rò pé ó gbàgbé. Kò gbàgbé. Ní gbogbo àárọ̀ tó bá jí nínú yàrá tútù yẹn, ohun tó kọ́kọ́ ń rí ni ọ̀rá funfun. Á ní bóyá kùrukùru á bo oòrùn. Á ní bóyá wọn kò tíì là. Á wẹ̀, á wọṣọ, á sì jáde lọ gba ìyìn.

Àǹtí pè é lórí fóònù. "Àwọn ọmọ mi ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa, Àǹtí. Iwájú wọn ni mo wà yìí."

"O ti dé?"

"Mo ti dé."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ẹ yẹn?"

"Rédíò ni."

Tẹlifíṣọ̀n òtẹ́ẹ̀lì ni. Ó nawọ́, ó pa á, ó sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú rìmóòtù lọ́wọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó.

Nígbà tó padà dé, ó ṣí géètì. Inú gbogbo ọ̀rá náà kún fún ẹ̀kán omi bí ìdérí ìkòkò tó ń hó. Ó ṣí ọ̀kan. Àlẹ̀mọ́ abẹ́ rẹ̀ dúdú bí orí ìṣáná tó ti jó tán. Ó ṣí ìkejì. Ó ṣí wọn títí dé ògiri. Èyí tó kù láàyè níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, ìyẹn náà sì kú kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Ó dojú korobá kan dé, ó jókòó lé e. Kò sunkún. Ó sọ fún mi nígbà tó yá pé òun ń retí ẹkún, kò wá. Ara rẹ̀ kàn kú ni, bí apá tí èèyàn sùn lé.

Ibẹ̀ ló jókòó sí tó fi rí ohun tó wà nísàlẹ̀ ibi tó dì. Gbòǹgbò igbó kò kú ní tirẹ̀. Ó ti yọ ẹ̀ka tuntun, ewé rẹ̀ pọ́n, ó ń dán, bí ewé máńgòrò tuntun ṣe máa ń rí. Ẹni tí kò bá mọṣẹ́ á ní àlẹ̀mọ́ ló gbà.

Kò sí bó ṣe lè tún un ṣe lọ́dún yẹn. Gbogbo ẹ̀ka igi ìyá wọn ti là, wọn kò wúlò mọ́ títí di ọdún tó ń bọ̀. Òjò ti ń ṣú. Àǹtí ti gba àwọn tó ń gbẹ́ ihò sóko. Gbólóhùn kan péré ni ọ̀rọ̀ náà: Àǹtí, wọ́n kú mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ó sọ ọ́ jáde lórí korobá yẹn. Ó dùn ún gbọ́ sétí ara rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ohun tó ṣeé ṣe.

Ṣùgbọ́n báwo ni Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ṣe máa pa odidi ọgbà? Àwọn tó yà á sí fóònù ńkọ́? Bàbá Ọ̀rọra ńkọ́, kó wá gbọ́? Rédíò tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́?

Ó mú ọ̀bẹ. Ó gé àwọn àlẹ̀mọ́ tó kú kúrò, ó tẹ ẹ̀ka igbó náà sókè kó dúró ṣánṣán, ó sì fi ọ̀rá dì í yí ká bí ẹni di ojú ibi tó lẹ̀. Ó ní ṣe ni òun ń wo ọwọ́ méjèèjì bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Iṣẹ́ wọn mọ́, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbìn wọ́n, Àǹtí kò jẹ́ kí àwọn lébìrà gbé ọ̀kankan. Fúnra rẹ̀ ló ń gba igi kọ̀ọ̀kan, á gbé e sún mọ́ ojú, á wo ewé rẹ̀ títí.

"O ṣeun," ló ń wí fún àbúrò rẹ̀. "Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ ẹ ó kan."

"Àmín, Àǹtí."

Àdúrà yẹn ló kọ́kọ́ gún un. Lẹ́yìn náà, kò sí ohun tó tún gún un fún ìgbà pípẹ́.

Ní ọdún kìíní, Àǹtí wà lórí eékún, ó ń tu koríko ìdí igi. Àbúrò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń bomi rin. Ọwọ́ Àǹtí dúró lára igi kan. Ó fi ìka lọ sókè, ó fi lọ sísàlẹ̀.

"Ibo ni ojú rírán ẹ̀ wà?"

"Kí lẹ wí?"

"Ibi tí o ti rán an pọ̀. Mo ń wá a, mi ò rí i."

"Igi ti jẹ ẹ́ mọ́ra ni, Àǹtí."

"Aṣọ ò kí ń jẹ ojú rírán mọ́ra o."

"Igi kì í ṣe aṣọ."

Àǹtí rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ lo sọ. Kí ni télọ̀ mọ̀ nípa igi." Ó sì bọ́ sí ìdí igi kejì.

Àwa tí a kò sí níbẹ̀, ó rọrùn fún wa láti bínú. Nígbà yẹn, igi náà kò tíì nípọn ju àtàǹpàkò lọ. Bó bá jẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà, ọdún kan péré ni ì bá ṣòfò. Ó kúkú gbìyànjú. Ní ọdún kejì, ó múra, ó lọ sílé Àǹtí lọ́sàn-án gangan, ó ti fi ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu bí ẹni gbé omi sẹ́nu.

Àǹtí bu omi fún un. "Jókòó, mo ní ohun tí mo fẹ́ fi hàn ẹ́." Ó mú aṣọ funfun kan jáde, aṣọ tí ó ń fi ọwọ́ rán, nítorí pé ẹ̀rọ kò sí mọ́. Ọwọ́ ló fi ń wá ojú abẹ́rẹ́. "Mo ní kí n rán àpò tí wọ́n á máa fi ká máńgòrò, kó má bàa fara gbálẹ̀. Ṣé ó tóbi tó?"

"Ó tóbi tó, Àǹtí."

"Kí lo fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀?"

"Kò sí nǹkan o. Mo ní kí n kàn yọjú sí yín ni."

Ó mu omi náà tán, ó dìde, ó lọ. A kì í fi iná sórí òrùlé ká sùn, ṣùgbọ́n òun sùn. Ó sùn dáadáa. Ohun tó bà á lẹ́rù jù nìyẹn, ló wí. Ó ń lẹ igi fún àwọn oníbàárà, wọ́n ń gbà. Ó ń jẹun, kò mọ adùn. Kò sì jẹ máńgòrò mọ́. Bí ọkọ rẹ̀ bá gé e sínú àwo, á ní ó ń fún òun ní inú rírun.

Ní ọdún kẹta, igi tanná. Àǹtí pè é lórí fóònù. "Wá wò ó. Ó ti funfun lójú mi bí aṣọ tí wọ́n sá."

Ó dé oko, ó wo òdòdó náà. Ó ní, "Àǹtí, a máa já gbogbo ẹ̀ dànù. Bí igi bá kọ́kọ́ tanná, wọ́n kì í jẹ́ kó so. Á gba agbára ẹ̀."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọṣẹ́ yìí mọ̀ pé kò parọ́. Ohun tí àwọn olóko tó gbọ́n ń ṣe nìyẹn. Òótọ́ ló fi bo irọ́, bí ẹni fi aṣọ tuntun bo egbò.

"Gbogbo ẹ̀?" ni Àǹtí bèèrè.

"Gbogbo ẹ̀."

"Ojú mi ò dúró dè mí mọ́ o."

"Ọdún kan péré ni, Àǹtí."

Àwọn méjèèjì ló já a. Àǹtí ń já ti ìsàlẹ̀, òun ń já ti òkè. Ọdún kan ló jí gbà lára ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó sì mọ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Àǹtí kò pè é mọ́. Ó jẹ́ kí igi tanná, ó jẹ́ kó so, ó sì ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan tó ń ra èso fún àwọn tó ń kó o lọ sókè òkun. Tọ́wò ni wọ́n ń pè é, nítorí pé kì í dá iye lé èso kankan láìtíì tọ́ ọ wò. Ọjọ́ tí Tọ́wò fẹ́ dé ni Àǹtí tó sọ fún àbúrò rẹ̀.

"Wá o. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ ni, ó yẹ kí o wà níbẹ̀."

Ó lọ. Ó ní òun kàn ń wo ọ̀nà bó ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Àǹtí wà lábẹ́ igi, ó gbé orí sókè. Nígbà náà, bí òjìji lásán ló ń ríran. "Mo rí wọn," ló wí. "Wọ́n kéré díẹ̀ lójú mi, àbí ojú mi ló ń sọ wọ́n di kékeré?"



Tọ́wò yọ ọ̀bẹ lápò, ó bẹ ọ̀kan, ó fi sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀, ó dúró. Ó fi èékánná fa okùn kan jáde láàárín eyín, ó wò ó, ó sì jù ú sílẹ̀.

"Mà, ta ló bá yín lẹ igi yìí?"

"Àbúrò mi nìyí," ni Àǹtí wí, ó sì na ọwọ́ síbi tó rò pé ó dúró sí. "Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀. Ṣé ẹ ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí ni?"

Tọ́wò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wo ìdí igi kan, ó wo ìkejì, ó wo ìkẹta. Nígbà tó dìde, Àǹtí nìkan ló kọjú sí.

"Wọn ò lẹ ìkankan níbí yìí, mà. Máńgòrò inú igbó ni gbogbo ẹ̀. Ó dùn mí fún yín."

"Irọ́ ni," ni Àǹtí wí. Ohùn rẹ̀ balẹ̀. "Ẹ má bínú sí mi, àlejò lẹ jẹ́. Àmọ́ tí ẹ ò bá fẹ́ rà á, ẹ sọ pé ẹ ò fẹ́ rà á. Ẹ má fi àbúrò mi ṣe olè lójú mi. Èmi ni mo tọ́ ọ."

"Mà, ẹ tọ́ ọ wò fúnra yín."

"Ẹ máa lọ. Ọjà wa á rí ẹlòmíì."

Tọ́wò fi máńgòrò tó bẹ sórí òkúta, ó kí wọn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì gbọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ ń lọ títí kò fi dún mọ́.

Àǹtí fọwọ́ wá òkúta náà, ó mú máńgòrò, ó bù ú jẹ. Ó jẹ ẹ́ pẹ́. Ó wá fa okùn rẹ̀ jáde lẹ́nu, ó fi ìka méjì yí i bí télọ̀ ṣe ń yí ẹnu òwú kó tó ki í bọ ojú abẹ́rẹ́.

"Òwú ló kún inú ẹ̀," ló wí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Sọ fún mi pé irọ́ ló pa. Mo máa gbà."

Ìyẹn ló borí rẹ̀, kì í ṣe Tọ́wò. Pé bó bá tún parọ́ kan sí i, Àǹtí á gbà á, á sì gbé e mì. Ẹnu rẹ̀ là.

"Kò parọ́, Àǹtí. Wọ́n kú. Gbogbo wọn ló kú kí ẹ tó gbìn wọ́n. Lọ́jọ́ tí ẹ pè mí, mi ò tíì dé. Kì í ṣe rédíò. Òtẹ́ẹ̀lì ni mo wà."

"O mọ̀ nígbà tí o ń já òdòdó?"

"Mo mọ̀."

Àǹtí kò bú u, kò gbá a létí. Ó kúnlẹ̀ nídìí igi tó wà níwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì wá ojú rírán, láti ilẹ̀ dé ibi tí ẹ̀ka ti yà. Ó dìde, ó lọ sí ìdí igi kejì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ dé òpin ìlà, ó sì yà sí ìlà tó tẹ̀lé e, àbúrò rẹ̀ ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Kò sí igi tó fò. Nígbà tó tán, ó ní, "Máa lọ sílé."

Ní gbogbo ìyókù ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, Àǹtí kò gbé ìpè àbúrò rẹ̀. Ojú Àǹtí parí iṣẹ́ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Máńgòrò tó rí kẹ́yìn láyé lórí igi tirẹ̀, máńgòrò irọ́ ni. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ní òun gbọ́ ìròyìn náà lẹ́nu ẹlòmíràn, òun sì ń bá iṣẹ́ lọ, títí òun fi rí i pé òun ń lẹ ẹ̀ka tí òun kò tíì gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kó tó tún un mú.

Bàbá Ọ̀rọra ni Àǹtí ní kó wá tún oko ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni, òun náà. Wọ́n máa bẹ́ àwọn igi náà lórí ni, wọ́n á jẹ́ kí kùkùté yọ ẹ̀ka, wọ́n á wá lẹ ẹ̀ka igi ìyá wọn mọ́ ìyẹn. Àǹtí ní kí wọ́n pe àbúrò òun náà.

Bàbá Ọ̀rọra wo igi, ó wo ayùn ọwọ́ rẹ̀. "Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́," ló wí. "Àmọ́ ti igi yìí, oògùn ẹ̀ gan-an nìyẹn." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó wo Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀. Obìnrin náà ń dúró kó sọ̀rọ̀ gún òun lára, kó gbẹ̀san ẹ̀fẹ̀ ọjọ́ pípẹ́. Bàbá náà kàn ní, "Ẹ bá mi di ẹ̀ka yẹn mú."

Nígbà tó kan igi tó wà lẹ́nu géètì oko, Àǹtí ní kí wọ́n dúró.

"Ẹ má ge ìyẹn. Ẹ jẹ́ kó máa so bó ṣe ń so." Ó yíjú síbi tó ti ń gbọ́ èémí àbúrò rẹ̀. "Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé síbí, á bèèrè pé kí ló dé tí eléyìí yàtọ̀. Ìwọ lo máa dá wọn lóhùn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìwọ ni kí o sì máa wá ṣí ọ̀rá àwọn ìyókù láràárọ̀."

"Mo gbọ́, Àǹtí."

Ó ṣí ọ̀rá wọn láràárọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n gbà.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni èmi dé ibẹ̀. Ọmọ igi ni mo lọ rà. Oko náà ti ń so, máńgòrò ńláńlá, òórùn rẹ̀ ti gba ẹnu ọ̀nà kan. Àǹtí jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ó gbé imú sókè, ó ń gbóòórùn ohun tí kò lè rí. Mo wọlé, mo rí igi kan tí èso rẹ̀ wẹ́wẹ́, mo sì bèèrè ohun tí gbogbo èèyàn ń bèèrè.

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ gbé korobá rẹ̀ sílẹ̀. Ohùn kan náà ló fi sọ ọ́ látòkè délẹ̀, bí ẹni ń ka ìwé tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó sọ ti òtẹ́ẹ̀lì, ó sọ ti àga tí wọ́n tẹ́ aṣọ lé.

"Oòrùn mú gan-an lásìkò yẹn," ló wí fún mi, "ó sì pa wọ́n."

Àǹtí wúkọ́ lẹ́nu géètì.

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ tún gbólóhùn náà bẹ̀rẹ̀.

"Èmi ni mo pa wọ́n," ló wí. "Àǹtí ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, mo ní ojú wọn kò gbé e."

Ìgbà yẹn ni Àǹtí tó ní kí wọ́n gbé àga fún mi.